Mo fi iyọ̀ gbẹ̀san lára oníbàárà, ẹlòmíràn ni ó sì jẹ ẹ́

Ìbéèrè

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ọdún kẹrin nìyí tí mo ti ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé oúnjẹ kan, mo sì ti rò pé kò sí irú ìwọ̀sí tí ojú mi kò tíì rí, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí ó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa déédéé. Kì í pe ẹnikẹ́ni ní orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ pé "ẹ jọ̀ọ́". Òṣé ni ó máa ń pa, tàbí kí ó pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí ń pe ajá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, òun àti àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ wá. Oúnjẹ wọn pẹ́ díẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn alásè, kì í ṣe ẹ̀bi mi rárá. Ọkùnrin yìí pè mí ní olóríburúkú lójú gbogbo àwọn tó ń jẹun, ó béèrè bóyá oorun ni mo gbà wá síbi iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni ó ju aṣọ ìnuwọ́ tí ó ti lò tẹ́lẹ̀ lù mí láyà.

Alábòójútó wa dé, kò sì bi mí léèrè ohunkóhun. Ó ní kí n bẹ oníbàárà. Mo bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo padà dé ilé ìdáná, mo bá ọbẹ̀ ọkùnrin náà níbi tí wọ́n gbé e kalẹ̀ sí fún mi láti gbé. N kò lè sọ pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo bu iyọ̀ ṣíbí méjì sí i, mo rò ó pọ̀, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́ gbé e lọ. Ọkùnrin náà kò fi ẹnu kàn án. Ìyá àgbàlagbà kan tí oúnjẹ tirẹ̀ kò tíì dé ni ó jókòó tì í, ó ti abọ́ náà sí i níwájú, ó ní, "Ìyá, ẹ máa jẹ tèmi ná." Ìyá náà jẹ tó ṣíbí mẹ́ta kí ó tó gbé ṣíbí sílẹ̀ tí ó sì mu omi. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo wá kó abọ́, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín. Ọ̀kan nínú wọn ní eré ni iyọ̀ jẹ́, pé òun mọ ẹni tí ó ti tu itọ́ sínú oúnjẹ rí. Ìbéèrè mi ni pé: ǹjẹ́ ẹ̀san kan wà tí ó tọ́ sí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa ni, àbí kí n pa ẹnu mi mọ́? Ọkùnrin náà yóò tún padà wá, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ oúnjẹ sísè

Ọmọ mi, òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Tìrẹ tilẹ̀ lọ ba ẹyẹ mìíràn ni. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé kì í ṣe èèṣì ni ó gbé abọ́ náà dé iwájú ìyá yẹn. Bí oúnjẹ ṣe máa ń rìn nìyẹn. Àwọn tó jọ jókòó sídìí tábìlì kan a máa pààrọ̀ abọ́, wọn a máa tọ́ ti ara wọn wò, wọn a sì máa di èyí tó bá ṣẹ́kù lọ sílé fún ọmọ tí kò mọ̀ pé ìjà kankan ṣẹlẹ̀. Ìwọ mọ ojú ẹni tó bú ọ, ṣùgbọ́n o kò mọ ọ̀fun tí oúnjẹ náà yóò gbà kọjá.

Ká tilẹ̀ sọ pé ọkùnrin náà gan-an ni ó jẹ ẹ́. A kì í kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sí iwájú orí, bẹ́ẹ̀ ni a kì í kọ àrùn kíndìnrín síbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ láàárín ọjọ́ kan kò yẹ kí ó tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí tíì kan. Ìwọ bu ṣíbí méjì sínú abọ́ ọbẹ̀ kan ṣoṣo. N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà ọ́ nítorí ìyá tó jẹ ṣíbí mẹ́ta; mo sọ ọ́ nítorí pé ẹlẹgbẹ́ rẹ pè é ní eré.

Ní ti itọ́ tí wọ́n ń tu sínú oúnjẹ, inú mi kò dùn láti gbọ́ pé ẹ̀rín ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi í rín. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ó máa ń gbé inú ihò imú àti ara awọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le dáadáa. Bí ó bá bọ́ sínú oúnjẹ tí ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò máa bí sí i, yóò sì máa tú májèlé tí gbígbé oúnjẹ náà padà sórí iná kò lè pa. Ẹni tí ó bá fi itọ́ gbẹ̀san kò mọ ohun tí ó ń gbé kiri lára tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú ìṣirò tí àjọ yẹn kan náà gbé jáde ní ọdún 2015, ó tó mílíọ̀nù 600 ènìyàn tí oúnjẹ tí kò mọ́ ń dá àìsàn sí lára lọ́dọọdún káàkiri ayé, 420,000 nínú wọn sì ń kú. Àìmọ̀ àti àìbìkítà wà lára ohun tó ń fa èyí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a tún fi àmọ̀ọ́mọ̀ṣe kún un.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ agbáwo kan

Mà á, mo gba ọ̀rọ̀ yín, n kò sì ní fọwọ́ kan oúnjẹ ẹnikẹ́ni láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé igi ni wá. Bí oníbàárà bá rí mi fín, mo ní ẹ̀san tèmi, kò sì sí iyọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú mi. Bí ó bá pè mí, ìrìn ìgbín ni mo máa ń rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ní kí n mú omi wá, mo máa kọ́kọ́ dá àwọn tábìlì mẹ́ta mìíràn lóhùn. Kò sí ẹni tí ìyẹn pa rí, ọkàn mi sì máa ń fúyẹ́ lálẹ́.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ní ilé oúnjẹ

Àbúrò mi tí ń rìn bí ìgbín, jọ̀wọ́ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí o bá ń fi nǹkan falẹ̀ fún oníbàárà tí o kò fẹ́ rí, ta ni ó ń pẹ́ sí i níwájú rẹ? Ìwọ náà ni yóò máa wo ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú ọgbọ̀n sí i, inú rẹ̀ yóò túbọ̀ máa ru, àwọn tó ń dúró de tábìlì kò sì ní rí ibi jókòó. Ẹni tí o bá fẹ́ kí ó tètè lọ, ṣe ni kí o yára gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un, kí o gbé ìwé owó rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí o sì kí i pé ó dàbọ̀. Ní ti ẹ̀rín, mo fara mọ́ ọ. Iṣẹ́ ni mo gbà yín fún, n kò ra ojú yín. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ẹ̀rín.

Ẹ̀yin ará, aṣiṣe tí ó ṣáájú nínú ìtàn yìí, ọwọ́ alábòójútó ni mo ti rí i. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan wà tí àwọn oníṣòwò máa ń sọ, pé oníbàárà kì í jẹ̀bi. Wọ́n ní ẹnu César Ritz, ọmọ Switzerland tí ó ṣí ilé ìtura ńlá ní Paris ní ọdún 1898, ni ó ti jáde. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ ni pé, bí oníbàárà bá ní ọbẹ̀ òun tutù, má ṣe bá a jiyàn, gbé òmíràn fún un. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan aṣọ ìnuwọ́ tí wọ́n sọ lu òṣìṣẹ́ láyà. Nígbà tí alábòójútó ní kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bẹ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ó ti gbogbo ẹnu ọ̀nà tí ìbínú ọmọ yẹn lè gbà jáde, ó ku ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná nìkan. N kò sọ pé ohun tí ọmọ náà ṣe dára o.

Lọ́dọ̀ tèmi, tí oníbàárà bá sọ̀rọ̀ burúkú sí òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ náà yóò fi tábìlì náà sílẹ̀ láìbẹ̀ mí, èmi tàbí igbákejì mi ni a ó sì lọ síbẹ̀. A ó sọ ọ́ fún oníbàárà lójúkojú pé a kì í bá òṣìṣẹ́ wa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tún ṣe é, tàbí tí ó bá gbé ọwọ́ sókè, a ó dá owó rẹ̀ padà, a ó sì ní kí ó máa lọ. Ó ti dùn mí nínú àpò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn alásè mi kì í fi mí sílẹ̀ lọ síbòmíràn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí o kò bá lè ṣe lójú oníbàárà, má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó kọ́ nípa òfin

Mo fẹ́ fi kún un pé ohun tí wọ́n ń pè ní eré yìí lè gbé ènìyàn dé kóòtù. Ní ọdún 1982, ní agbègbè Chicago ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan fi májèlé sínú oògùn ara ríro tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, ènìyàn 7 sì kú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe òfin orílẹ̀-èdè tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá pé kí ènìyàn fi nǹkan burúkú sínú ọjà tí aráàlú ń rà lò, oúnjẹ sì wà lára ohun tí òfin náà kàn. N kò tíì rí orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ gbà pé àrífín oníbàárà jẹ́ àwáwí fún ẹni tó ba oúnjẹ jẹ́.

Ṣùgbọ́n òfin kò fi òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ní ọdún 2019, Àjọ Àgbáyé fún Ètò Iṣẹ́ fẹnu kò ní Geneva lórí àdéhùn kan, àdéhùn 190, tí ó lòdì sí ìwà ipá àti ìdààmú níbi iṣẹ́. Àdéhùn náà kò mọ sí ohun tí ọ̀gá bá fi ojú òṣìṣẹ́ rí; ó kan èyí tí ará ìta, irú bí oníbàárà, bá ṣe pẹ̀lú. Ìlú Tokyo náà ṣe òfin tirẹ̀ lòdì sí kí oníbàárà máa fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Òfin yẹn kò ní ìjìyà nínú, àmọ́ ó ti sọ ọ́ di mímọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Nítorí náà, àbúrò, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lónìí: ọjọ́, wákàtí, ọ̀rọ̀ tí ó sọ, àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Bí kámẹ́rà bá wà níbi iṣẹ́ yín, tètè béèrè fún àwòrán ọjọ́ náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ni í máa ń pa ti àtijọ́ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ní ti ìjẹ́wọ́, rántí pé àwòrán tó máa gbè ọ́ nídìí aṣọ ìnuwọ́ lè wà pẹ̀lú èyí tó mú ọ nídìí iyọ̀.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ agbáwo yẹn kan náà

Ẹ ṣé, sà, ọ̀rọ̀ tábìlì yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ní ti ìjẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n, má ṣe jẹ́wọ́. Ẹni tó ní kí o bẹ ẹni tó lù ọ́, kí ni o rò pé yóò ṣe nígbà tí ó bá gbọ́ pé ìwọ náà jẹ̀bi?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan

Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ oúnjẹ, mo kàn máa ń jẹun níta ni. N kò ju nǹkan lu ẹnikẹ́ni rí, àmọ́ mo ti jágbe mọ́ agbáwo nígbà tí ebi ń pa mí. Láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń ka iye ìgbà tí mo gbé abọ́ mi fún ìyá mi.

Olùbéèrè padà wá

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó pinnu. N kò lọ bá alábòójútó. Ẹni tó ni ilé oúnjẹ gan-an ni mo lọ bá, mo sì kọ́kọ́ sọ ti iyọ̀ kí n tó sọ ti aṣọ ìnuwọ́, nítorí pé n kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé mo ń fi ọ̀kan bo èkejì. Inú bí i gidigidi. Ó fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, ó sì ní kí n lọ máa fọ abọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n má sún mọ́ oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni ó lọ wo àwòrán kámẹ́rà, ó sì pe alábòójútó wọ inú ọ́fíìsì. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ọkùnrin náà wá lánàá. Láti ibi tí mo ti ń fọ abọ́ ni mo ti gbọ́ àtẹ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa ni ó lọ bá a fúnra rẹ̀, ó sì sọ fún un pé orúkọ wà láyà aṣọ gbogbo òṣìṣẹ́ òun, kí ó máa fi pè wọ́n, àti pé bí ó bá tún ju nǹkan lu ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò ní jẹun níbẹ̀ mọ́. Ó kùn, ó jẹun, ó sanwó, ó lọ. Ìyá náà kò bá a wá, n kò sì mọ bí mo ṣe lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.