Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ni wọ́n ti ń kàwé tọkàntọkàn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì (Bowie, Maryland):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé ni mo gbé wá. Ó ti wọ kíláàsì kejìlá, èfìkò paraku sì ni. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́, ìṣirò tí tíṣà kankan ò fún un ló ń bá jà. Físíìsì ló fẹ́ kà. Ó ní ibikíbi tí wọ́n bá ti máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé òun jókòó ti ìwé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, òun ò lọ.

Bàbá wọn ní kò le tó bẹ́ẹ̀, ká ṣáà mú ìwé tí wọ́n fi ń to àwọn yunifásítì ní ipò-ipò, ká bẹ̀rẹ̀ látorí èkíní. Ọkàn mi ò gbà á. Nígbà ooru, a lọ wo yunifásítì ńlá kan. Ọmọ tó ń mú wa káàkiri sọ̀rọ̀ pápá bọ́ọ̀lù títí, ó sọ ti ibi ìdárayá, ó sọ ti ẹ̀rọ áísìkiriìmù. Kẹ́hìndé bi í pé ìwé wo ló ń kà lọ́wọ́ tó dùn mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká tètè lọ wo ilé oúnjẹ kí èrò tó pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa wò? Ẹ rántí pé ìbejì ni wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan náà la máa san owó ilé ìwé àwọn méjèèjì.

Tíṣà Físíìsì (Houston):
Mà, ẹ gbé ìwé ipò yẹn tì. Ohun tó ń wọ̀n kọ́ lẹ̀ ń wá.

Lọ́dọọdún, NSF, àjọ sáyẹ́ǹsì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà níbí, máa ń bi àwọn tó gba oyè ọ̀mọ̀wé pé níbo ni wọ́n ti gba oyè àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá wá fi iye ọmọ tó wà nílé ìwé kọ̀ọ̀kan ṣírò rẹ̀, àwọn kékeré tí a kì í fi yangàn lóde àríyá ló máa ń yọ lókè: Harvey Mudd, Reed, Swarthmore, Carleton, Grinnell. Kì í ṣe dandan kí ọmọ yín di ọ̀mọ̀wé o, àmọ́ ibi tí ìwé ò bá ti sú ọmọ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, nǹkan ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ tún wá Common Data Set ilé ìwé tẹ́ ẹ bá fẹ́, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ iye nǹkan wọn sí. Abala I ló máa sọ iye kíláàsì tí ọmọ ò tó ogún, àti iye èyí tó tó ọgọ́rùn-ún.

Ọmọ Portland:
Ẹ kú alẹ́ mà. Reed tó wà ní Oregon ni mo ti jáde. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá dá iṣẹ́ ẹni padà níbẹ̀, àlàyé ló máa kún inú rẹ̀, kì í ṣe máàkì. Máàkì wà nínú àkọsílẹ̀ o, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ló ń lọ béèrè. Ó kọ́kọ́ ṣe mí bákan, torí A ni mo fi ń mú bàbá mi láyọ̀ láti kékeré. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì pé èló lo gbà. Ohun tá a kà láàárọ̀ la fi ń jiyàn nídìí oúnjẹ ọ̀sán, títí oúnjẹ á fi tutù.

Nítorí físíìsì: wọ́n ní ẹ̀rọ átọ́míìkì (nuclear reactor) tiwọn láti ọdún 1968, àwọn ọmọ ilé ìwé tó bá yege ìdánwò ìjọba ló sì ń darí rẹ̀. Lọ́dún ìkẹyìn, kálukú ló gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìwádìí kan. Ọmọ tó máa ń gbàdúrà kí olùkọ́ má wá, kó má dé ibẹ̀ rárá.

Bàbá Àgbà (Chicago):
Ẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ tó bá fẹ́ kàwé á kà á níbikíbi. Nílé, èèyàn mẹ́fà la wà nínú yàrá ẹni mẹ́ta, àbẹ́là la sì fi kàwé.

Tíṣà Físíìsì (Houston):
Ẹ̀gbọ́n, àwọn márùn-ún yòókù ńkọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe nídìí àbẹ́là yẹn?

Bàbá Àgbà (Chicago):
Ìwé náà ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sùn, a ó fi ṣe ẹlẹ́yà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Tíṣà Físíìsì (Houston):
Irú yàrá yẹn gan-an ni Ìyá Ìbejì ń wá, sà.

Ará Catonsville:
Ẹ wà ní Bowie, ẹ wá ń gbọ́ ìròyìn Oregon! UMBC, yunifásítì Maryland tó wà ní Baltimore County, ò jìnnà sí yín. Wọn ò ní tíìmù football, chess ni wọ́n fi ń yangàn. (Ẹ jẹ́ n dárúkọ ọjọ́ tá a na Virginia ní basketball lọ́dún 2018, kí ara lè tù mí.) Ètò Meyerhoff, tó ń ran àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1988. Àwọn ọmọkùnrin dúdú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó ti di ti gbogbo èèyàn báyìí. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ jọ nígbà ooru kí sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ tó wọlé, wọ́n á jọ gbé, wọ́n á jọ yanjú ìṣirò. Ọmọ àbúrò mi ṣe é. Bí ẹnì kan nínú wọn bá fẹ́ fìdí rẹmi, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n ń lọ kàn. Owó ọmọ Maryland lẹ sì máa san.

Aṣọ Òkè Philly:
Ẹ fi Swarthmore tó wà nítòsí Philadelphia kún un. Láti 1922 ni wọ́n ti ní ètò Honors kan: ẹni tó kọ́ ọmọ kọ́ ló máa dán an wò. Wọ́n á pe àwọn onímọ̀ láti ilé ìwé mìíràn wá, wọ́n á bi í léèrè lójúkojú. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀jọ̀gbọ́n àti ọmọ wà ní ìhà kan náà, bíi kóòṣì àti eléré.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ lọ lọ́jọ́ Thursday, kí ẹ sì sá fún ẹni tó ń mú àlejò yí ká. Kí Kẹ́hìndé jókòó nínú kíláàsì kan. Lẹ́yìn náà kó lọ sí ilé ìkàwé láago mẹ́sàn-án alẹ́, kó wò ó bóyá ìwé ni wọ́n ń wò tàbí fóònù.

Owó tí wọ́n kọ síta kọ́ ni gbogbo èèyàn ń san. Net price calculator, tó ń ṣírò iye tẹ́ ẹ máa san gan-an, wà lórí ìkànnì wọn, ẹ tẹ iye tó ń wọlé fún yín sí i kí ọmọ tó fọwọ́ sí early decision, ìyẹn kó tètè kọ̀wé sí ilé ìwé kan ṣoṣo tó yàn. Bí wọ́n bá gbà á nípa ìyẹn, ẹ ti wọ àdéhùn.

Ìyá Ìbejì (Bowie, Maryland):
Ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá wọn ti tẹ owó wọlé, ó dákẹ́, ó tún un tẹ̀, ó ní ká lọ wo Swarthmore àti UMBC. A ó wọkọ̀ ojú irin ní New Carrollton lọ sí Philadelphia, a ó pààrọ̀ níbẹ̀. Táyé náà ní òun ń bọ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá tíìmù football Swarthmore dára.

Aṣọ Òkè Philly:
Wọ́n ti fagi lé e láti ọdún 2000. Ẹ má tíì sọ fún un, kó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ná.