Èsì sí àbá “awalẹ̀wátàn”: kí ni “pa” ṣe tí a fi fẹ́ lé e jáde?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ìjíròrò yìí, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé kí a pa “awalẹ̀pìtàn” tì, ìyẹn orúkọ ẹni tó ń wa ilẹ̀ láti fi mọ ìtàn ayé àtijọ́ (archaeologist), kí a máa wí “awalẹ̀wátàn”, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, arókin, òpìtàn ààfin ọba, ló ń pa ìtàn, ẹni tó ń walẹ̀ kàn ń wá a ni.

N kò bá wọn jà lórí ìpajẹ, ìyẹn bí “wá ìtàn” ṣe di “wátàn”. Ẹni tó bá ti wáṣẹ́ rí kò ní bèèrè ibi tí “i” wọlé sí. Ohùn ni mo ń tọ́ka sí. Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni kò ní gbọ́ ọ bí ẹni tó walẹ̀ tán, tó wá tàn wá jẹ?

Ẹ tilẹ̀ jẹ́ kí a gbé e lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Igbó Olókun, ó walẹ̀, ó rí ère amọ̀, ó rí orí idẹ. Ó wá, ó sì rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé kó pa ìtàn ohun tó rí, ó ní àjẹkù Atlantis ni, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí òkun gbé mì. Ní nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babátúndé Babalọlá walẹ̀ nínú igbó kan náà, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, tí gíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi ṣì lẹ̀ mọ́ wọn nínú. Nígbà tí wọ́n yẹ èròjà rẹ̀ wò, kò bá ti Lárúbáwá mu, kò sì bá ti Yúróòpù mu: àwọn ará Ifẹ̀ ló ṣe é fúnra wọn, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé gíláàsì ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n kàn ń tún yọ́. Tí a bá yọ “pa” kúrò nínú orúkọ iṣẹ́ yìí, ibo ni a ó ti mú Frobenius, nígbà tó jẹ́ pé ìtàn tó pa ló kù káàtó, kì í ṣe wíwá tó wá?

Ẹ̀gbọ́n ní àgbà ilé àwọn ló sọ pé arókin ló ni “pa”. Bàbá tó tọ́ èmi náà gbọ́ Yorùbá. Ọmọdé ń pa àlọ́ lójúde wọn lálaalẹ́, n kò sì gbọ́ kí wọ́n bi í bóyá ìdílé arókin ló ti wá.

Ní ti ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ pé kí a má ṣe pe ti Ìta Yemòó, ní Ifẹ̀ kan náà, ní ilẹ̀ àpáàdì, ìyẹn ilẹ̀ tí a fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́, pé iná ni a ń fi àpáàdì kó, wọn kò wo ilẹ̀ náà dáadáa. Níbẹ̀ ni dígà àwọn lébìrà ti kan ère idẹ ní 1957, kí awalẹ̀pìtàn Frank Willett tó wá walẹ̀ rẹ̀. Wọ́n to àfọ́kù náà ní ìdúró, etí rẹ̀ lókè, ìlà kan dagun sọ́tùn-ún, èkejì dagun sósì. Àwọn ará Ifẹ̀ ní Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àpáàdì tó kojú iná kò ní lè kojú ẹsẹ̀ àti òjò ni? Tí ẹ bá máa dá mi lóhùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí i. “Apadi” tí ẹ kọ yẹn, n kò mọ̀ ọ́n.