Ṣé ká já ewé ẹ̀gẹ́ tó lárùn, bí wọ́n ṣe ń já ewé àjàrà?

Àgbẹ̀Kàbà: Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà àjàrà ní Gúúsù Áfíríkà. Ó ní fáírọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń ká etí ewé wálẹ̀. Ewé á pọ́n, iṣan rẹ̀ á ṣì wà ní àwọ̀ ewé, èso kì í sì í tètè dùn. Wọ́n a wá já ewé tó bo ṣírí èso kí oòrùn lè rí i. Ẹ̀gẹ́ tèmi lọ́nà Ìsánlú ti kó àrùn tirẹ̀: àwọ̀ ìyeyè ti ta sí i lára, ewé rún bí aṣọ tí wọn kò lọ̀. Ẹnìkan ní kí n já wọn dànù kí ẹ̀gẹ́ lè ta dáadáa. Òótọ́ ni?

ÌyáNÌsánlú: Ẹ má já a o! Èso òkè ni ti àjàrà, tiyín wà lábẹ́ ilẹ̀. Kí ni ẹ̀gẹ́ fẹ́ fi oòrùn ṣe níbẹ̀? Ewé yẹn, bó ti wù kó rún tó, òun ló ń bọ́ ọ.

OlókoẸ̀gbẹ̀: Mo ṣiṣẹ́ àjàrà rí ní Stellenbosch, ní Gúúsù Áfíríkà níbẹ̀. Jíjá ewé kì í wo fáírọ́ọ̀sì. Ó ń jẹ́ kí èso pọ́n ni, kí atẹ́gùn sì ráyè wọlé kí èso má baà rà. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oòrùn àárọ̀ la máa ń já, torí oòrùn ọ̀sán a máa jó èso. A tún ń gé nínú ṣírí dànù, kí ẹnu tí ewé ń bọ́ lè dín. Igi tó bá ti lárùn gan-an, hú la ń hú u: kòkòrò funfun kan tó ń sá sábẹ́ èèpo ló ń gbé àrùn náà kiri.

Ti ẹ̀gẹ́, eṣinṣin funfun kéékèèké ló ń gbé e, igi tí a gé gbìn náà sì ń mú un wá. Bí kò bá tíì ju oṣù kan sí méjì, ẹ hú èyí tó rún. Tó bá ti dàgbà, ẹ jẹ́ kó ta, ṣùgbọ́n ẹ má gé igi rẹ̀ gbìn, ẹ má sì fún aládùúgbò.

Àgbẹ̀Kàbà: Ó ti lé lóṣù márùn-ún, ẹ ṣeun. Irú wo ni kí n wá lọ́dún tó ń bọ̀?

ÌyáNÌsánlú: TME 419. Àrùn yẹn kì í sábà mú un. Ó ń ga tọ́ọ́rọ́, kì í yà púpọ̀, ẹ lè gbin ẹ̀wà sáàárín rẹ̀. Àmọ́ kì í tètè bo ilẹ̀, ẹ tètè máa ro ó.