Ṣé kí n fún àbúrò mi ní ìwé yìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka The Perks of Being a Wallflower, ìwé ìtàn àròsọ kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1999, lẹ́tà ni Charlie, ọmọ ọdún 15 tó máa ń tijú, fi sọ ìtàn rẹ̀. Èmi gan-an nìyẹn! Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ìwé ni mo máa ń sá sí, tí mo máa ń ka iye táìlì ara ògiri títí aago á fi lù.

Àbúrò mi, ọmọ ọdún 13, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bi í léèrè títí, "kò sí nǹkan" ló ń wí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ pípa ara ẹni àti bíbá ọmọdé ṣèṣekúṣe wà nínú ìwé náà. Ṣé kí n fún un báyìí, àbí kó dàgbà díẹ̀ sí i?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣé o.