Ìrílára ayé: ìdí tí "ojúlówó ìgbésí-ayé" kò fi lè ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wa lọ́wọ́. Arákùnrin tó dá a sílẹ̀ ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè kan fún àwọn dókítà eegun, èyí tí wọ́n fi ń wádìí bí nǹkan ṣe rí fún ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ẹsẹ̀ tàbí ti apá fún. Ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló há òun lọ́fun: orúkọ àrùn tí wọ́n ń pè ní sarcoma, orúkọ ohun tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ (outcome), àti orúkọ bí ayé ṣe rí fún aláìsàn lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní quality of life. Fún ìkẹta, ó dábàá "ojúlówó ìgbésí-ayé". Ẹ̀gbọ́n wa kan ní "ìrọ̀rùn ayé" ló dáa jù. Ẹlòmíràn ní "àlàáfíà" ti tó, kí a má da ara wa láàmú. N kò bá ẹnì kankan nínú wọn lọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú. Iléṣà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì máa ń ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sétí àwọn tí kò lè kà á fúnra wọn. Ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu wọn ni mo gbé wá.

Kí n kọ́kọ́ mú orúkọ àrùn kúrò nílẹ̀. Jẹjẹrẹ wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ tí a mọ̀, bíi ti ọmú tàbí ti ìfun, ara ohun tó bo ẹ̀yà ara tàbí tó tẹ́ inú rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Eegun, iṣan, ọ̀rá, àwọn ohun tó gbé ara ró, ni sarcoma ti ń bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì fún ẹran ara ló bí orúkọ náà. Nítorí náà ẹni tó ní kí a pè é ní "jẹjẹrẹ eegun" ti fi ti ọ̀rá àti ti iṣan sílẹ̀ lóde. "Jẹjẹrẹ ẹran-àti-eegun" ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ gùn díẹ̀.

Lórí ìkejì, ẹ jẹ́ kí a fi "àbájáde iṣẹ́ abẹ" sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó mú "àṣeyọrí" wá ti dájọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́, torí iṣẹ́ abẹ tí kò yọrí sí rere náà ní àbájáde. "Ìgbẹ̀yìn" ńkọ́? Ẹ dán an wò, ẹ bi aláìsàn léèrè nípa ìgbẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wo ojú ìyá rẹ̀.

Ìkẹta gan-an lọ̀rọ̀ wà. "Ojúlówó" ni òdìkejì ayédèrú. A ní ojúlówó aṣọ òfì, a ní ojúlówó ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Bí mo bá bi ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nípa ojúlówó ìgbésí-ayé rẹ̀, ohun tí mò ń dọ́gbọ́n sọ ni pé ayé rẹ̀ lè jẹ́ ayédèrú. Ìyẹn kọ́ ni dókítà fẹ́ mọ̀, ó sì burú láti sọ sí ẹni tó ń jẹ̀rora. Àwọn kan ti gbìyànjú láti yí i sí "ìgbé-ayé tó dára". Mo ti ka ìyẹn náà rí, fún bàbá àgbẹ̀ kan tí wọ́n yọ kókó ńlá kúrò nítan rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣé ìgbé-ayé yín dára?" Ó gbójú sókè, ó wò mí títí, ó ní: "Ọmọ mi, n kò jalè rí. N kò gba ìyàwó oníyàwó rí." Ó dákẹ́. Ó dùn ún. Ìwà ni ó gbọ́ nínú ìbéèrè náà, ó sì rò pé mò ń bi òun ohun tí òun ṣe tí àrùn yìí fi wá bá òun. Bẹ́ẹ̀, nínú èdè wa, ìwà àti wíwà kò jìnnà síra, bàbá kò ṣì mí gbọ́. Èmi ni mo bi í níbèérè tí kò yẹ.

"Ìrọ̀rùn ayé" ti ẹ̀gbọ́n wa sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ayé rọ̀ lọ́rùn ni olówó. Obìnrin tí mo kà á fún dá mi lóhùn pé ọjà kò tà. Òótọ́ ló sọ, owó wà lára ohun tí a ń wádìí, ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀rọ̀ nípa apá rẹ̀ tó wà nínú báńdéèjì.

"Àlàáfíà" ló wá le jù láti kọ̀, torí ọ̀rọ̀ tó rẹwà ni, ó kó ara àti ọkàn pọ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìkíni ni. "Ṣé àlàáfíà ni?" Ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní: "A dúpẹ́." Ẹni tí ikú ń wò lójú á ní a dúpẹ́, torí ọmọlúwàbí ni. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n gé eegun tó léwu kúrò ní orúnkún rẹ̀, wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Orúnkún yìí gan-an ni jẹjẹrẹ eegun àwọn ọ̀dọ́ máa ń yàn láàyò, ní ìsàlẹ̀ eegun itan tàbí lókè eegun ojúgun. Gbogbo ìbéèrè tí mo bi í, a dúpẹ́ ni. Ṣé oorun ń wá? A dúpẹ́. Ṣé ẹsẹ̀ ń ro ọ́? A dúpẹ́, màámi. Mo pa ìwé dé. Mo ní, "Gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ yìí, báwo ló ṣe rí lára ẹ?" Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti kúrò lórí ibùsùn, òun ò tíì kí bàbá àgbà òun, pé òun máa ń sá sí yàrá bó bá ti wọlé, torí òun ò lè kúnlẹ̀, òun ò sì fẹ́ dúró kí i bí ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ dábàá ti wá: "ìrílára ayé". A máa ń sọ pé nǹkan rí báyìí lára wa. Ohun náà ló ń ṣe iṣẹ́ nínú gbólóhùn náà, ara ẹni ló sì ń jẹ́rìí. Ẹlòmíràn kò lè bá mi sọ bó ṣe rí lára mi. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ohun tó jọ èyí nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wọ̀n: ojú tí ènìyàn fi ń wo ipò rẹ̀ láyé, láàárín àṣà àti ìlànà tó ń gbé nínú rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ń lé, ohun tó ń retí àti ohun tó ń kọ ọ́ lóminú. Láàárín àṣà tó ń gbé nínú rẹ̀, ẹ kíyè sí ìyẹn. Kíkúnlẹ̀ kí bàbá àgbà wà níbẹ̀.

Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi pé "ìmọ̀lára" ti wà, kí la tún ń wá? Ìmọ̀lára ni ohun tó ń lọ lọ́kàn báyìí, ìbínú, ẹ̀rù, ayọ̀. Kò gba oorun, iṣẹ́, ọ̀nà ọjà àti àwọn ọ̀rẹ́ mọ́ra. Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹni tó ní "ayé" léwu, torí ayé náà ni àwọn ọ̀tá, àwọn tó ń ṣeni níbi. Òótọ́ ni. Ẹni tí kókó yọ sí lẹ́sẹ̀ lójijì ti máa ń sọ pé ayé ló ṣe òun. Ìdí nìyí tí n kò fi ní kí "ayé" dá dúró nínú ìbéèrè láé. Bí a bá ti ní "ayé rẹ", ọ̀nà ti dí mọ́ àwọn ayé yẹn.

Ṣùgbọ́n "rẹ" tàbí "yín"? Ẹni tó kọ ìwé ìbéèrè fi "ẹ" sí gbogbo rẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, kò sì burú fún àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ eegun ń mú jẹ́ ọmọdé àti ọ̀dọ́, ìyá wọn sì máa ń jókòó tì wọ́n. Bí mo bá ní "Báwo ni ayé yín ṣe rí?", ìyá ló máa dáhùn. Ó máa sọ nípa owó oògùn, nípa oorun tí kò sùn, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kò ní yanu. Ẹ̀dà méjì la nílò, ọ̀kan pẹ̀lú "o" fún àwọn ọ̀dọ́, ọ̀kan pẹ̀lú "ẹ" fún àwọn àgbà.

Ìwé tí wọ́n fi ń wádìí àbájáde iṣẹ́ abẹ yìí pọ̀, méjì ni mo mọ̀ dáadáa. MSTS, ẹ̀dà 1993 láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Musculoskeletal Tumor Society, dókítà ló ń fún aláìsàn ní máàkì. Ohun 6 ló ń wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 5, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 30: ìrora, ohun tí ara lè ṣe, bí ọkàn ṣe gba iṣẹ́ abẹ, àti mẹ́ta mìíràn tó yàtọ̀ fún ẹsẹ̀ àti fún apá. TESS (Toronto Extremity Salvage Score), èyí tó wá láti ìlú Toronto ní Kánádà ní 1996, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn, ó ń sọ bí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ṣe nira fún òun tó, láti "kò ṣeé ṣe" dé "kò nira rárá". Níbi tí dókítà bá ti rí orúnkún tó ń tẹ̀ dáadáa, ó lè fún un ní 5. Ẹni tó ni orúnkún lè ní ayé kò rí bẹ́ẹ̀ lára òun. Òdìkejì náà sì wà. Iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n ń gé agbègbè orúnkún kúrò, tí wọ́n ń yí apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí ọrùn ẹsẹ̀ lè di orúnkún nínú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè ké. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe é fún ń rìn, ń sáré, wọ́n sì ń sọ pé ayé dára fún àwọn.

Lórí bí ọkàn ṣe gba iṣẹ́ abẹ nínú MSTS, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ olùtumọ̀ wa. Ó fi "ìtẹ́wọ́gbà" sí gbogbo ipele. Àwọn ipele yẹn jìnnà síra, èdè wa sì ní ọ̀rọ̀ fún wọn. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn débi tó lè sọ fún ẹlòmíràn pé kó lọ ṣe é, 5 nìyẹn. Ẹni tó ní ìtẹ́lọ́rùn, 3. Ẹni tó ti gba kámú, 1. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ rárá, 0. Ìyàtọ̀ ìtẹ́lọ́rùn àti gbígba kámú, ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Bí a bá dà wọ́n pọ̀, ẹni tó ń sọ pé "mo gbà fún Ọlọ́run" pẹ̀lú omijé lójú á di ẹni tí iṣẹ́ abẹ tẹ́ lọ́rùn nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan náà: fún iṣẹ́ abẹ tí wọ́n yọ jẹjẹrẹ tí wọn kò gé ẹsẹ̀, ẹnì kan kọ "ìdẹ́sẹ̀sí". Ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀ ní "dídá ẹsẹ̀ sí", láì sún un kì. Bí ẹ bá sọ tiyín kíákíá, "dẹ́ṣẹ̀" ni etí ń gbọ́, àwọn ìdílé tó ń bẹ̀rù pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fa àrùn náà pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

TESS béèrè nípa kíkúnlẹ̀, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, ó tilẹ̀ béèrè nípa dídìde láti orí ìkúnlẹ̀. Ó tún béèrè nípa wíwọ inú báàfù àti wíwa mọ́tò. Ẹni tí nǹkan kan kò bá kàn lè fò ó, wọn kò sì ní kà á mọ́ ọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n gígun ọ̀kadà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni dídọ̀bálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni lílóṣòó. Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló nítorí pé òṣó ni wọ́n máa ń ló lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí wọ́n á fi gbowó aṣọ wọn! Aṣọ fífọ̀, iná dídá, ṣáláńgá, òṣó ni gbogbo rẹ̀. Fún apá ńkọ́? Ẹni tí wọ́n gé lápá ọ̀tún lè fi òsì jẹun, ṣùgbọ́n ṣé ó lè fi òsì na owó sí àgbàlagbà láìsọ pé ẹ forí jì mí? Mo mọ̀ pé olùtumọ̀ kò lè dá fi ìbéèrè kún ìwé onítọ̀hún, torí máàkì ibí kò ní ṣeé fi wé ti ibòmíràn mọ́. Kí ó kọ wọ́n sójú ewé ọ̀tọ̀, kí wọ́n dán an wò.

Ẹni tó ní àwọn ènìyàn wa kò mọ̀ nípa fífi nọ́ńbà wọn ara, mo fẹ́ rán an létí Dókítà David Morley ní ilé ìwòsàn Wesley Guild níbí, ní Iléṣà, ní àwọn ọdún 1950. Káàdì tí wọ́n fi ń wo bí ọmọ ṣe ń dàgbà, tó lọ káàkiri ayé lẹ́yìn náà, pẹ̀lú àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyá ló ń tọ́jú káàdì náà sílé. Ní Ifẹ̀ náà, láti 1970, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì.

Ìbéèrè tí mo ń lò báyìí nìyí. Fún ọ̀dọ́: "Láti bí ọjọ́ méje sẹ́yìn, báwo ni ayé rẹ ṣe rí lára rẹ?" Fún àgbà: "Láti bí ọjọ́ méje sẹ́yìn, báwo ni ayé yín ṣe rí lára yín, ẹ̀yin fúnra yín?" Ẹ kà á sétí àgbàlagbà kan nílé, kí ẹ kọ ohun tó bá fi dáhùn ránṣẹ́ síbí, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bó bá ní "a dúpẹ́", ẹ kọ ìyẹn náà.