Àbọ̀ ọ̀rọ̀ áàpù ayánilówó yẹn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè ibi tọ́rọ̀ náà já sí, àbọ̀ rèé. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: mo yá ₦10,000 lórí áàpù kan, mo fi ọjọ́ méjì pẹ́ kí n tó dá a padà, ni wọ́n bá kọ ọ́ sí gbogbo nọ́ńbà orí fóònù mi pé olè ni mí. Ìyá alákàrà ní Ìgbọ̀nà náà gbà á. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n na fóònù olóróró sí mi: "Ọmọ mi, bá mi kà á, ṣé báńkì ni?" Èmi náà ni mo ka ẹ̀sùn ara mi sókè.

Mo ti sanwó, mo ti yọ áàpù náà dànù, mo sì ti fẹjọ́ sùn níbi tó yẹ. Wọ́n ní àwọn ti rí i. Ẹ bá mi yọ̀! Ṣebí a lófin ààbò dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa ara ẹni, láti 2023. Ẹ má sọ pé ìjọba wa ń lọ́ra o: ní Júùnù 2021, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí Twitter pa ọ̀rọ̀ Buhari rẹ́, ìjọba ti kéde pé àwọn tì í pa. Ó lé ní oṣù méje kí wọ́n tó ṣí i. Orúkọ tèmi ni ò yá wọn lára.

Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé níbí. Gbèsè àkàrà nìkan ló kù lọ́rùn mi, màmá ò sì tíì fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan.