Pápá iná láti ara ṣáàjì méjì: èwo ló tọ̀nà nínú 76, 724 àti 331?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìíní

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ìdánwò tó dé.

Ṣáàjì A (electric charge) jẹ́ +4 nC, ìyẹn 4×10⁻⁹ coulomb, ó wà níbi tí x àti y ti jẹ́ òdo. Ṣáàjì B jẹ́ −9 nC, ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún A, 0.40 m ló wà láàárín wọn. Ojú P wà lókè A gan-an, ó fi 0.30 m jìnnà sí i. Wọ́n ní ká wá pápá iná (electric field, N/C la fi ń wọ̀n ọ́n) ní P.

Ti A: 9×10⁹ × 4×10⁻⁹ ÷ 0.30² = 400 N/C. Láti B dé P jẹ́ 0.50 m, nítorí náà ti B jẹ́ 324 N/C. Títí débẹ̀, ohùn wa ṣọ̀kan. Lójú tèmi, B ní àmì ìyọkúrò, ká yọ ọ́: 76. Ẹni tá a jọ ń kàwé ní ká rò wọ́n pọ̀: 724. Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé sì ní 331. Níbo ni 331 ti wá? Ẹ jọ̀ọ́, fọ́múlà wà lọ́wọ́ mi, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó yé mi.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. 400 àti 324 rẹ pé. Gbé kakulétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, mú pẹ́ńsù. Ya A, B àti P sórí ìwé. Wàyí o, ya ọfà méjì, kí ìdí àwọn méjèèjì sì wà ní P. Ibi tí ṣáàjì pọ́sítíìfù kékeré kan yóò bá lọ tá a bá gbé e sí P ni ọfà gbọ́dọ̀ kọjú sí. A jẹ́ pọ́sítíìfù, yóò tì í dànù: ọfà ti A lọ sókè tààrà. B jẹ́ nẹ́gétíìfù, yóò fà á mọ́ra: ọfà ti B dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó dojú kọ B.

Wá wo ọfà méjèèjì. Ṣé ibì kan náà ni wọ́n ń lọ? Rárá. Ṣé ọ̀kan dojú kọ èkejì gbọnrangandan? Rárá. 724 ì bá tọ̀nà ká ní wọ́n jọ gba ọ̀nà kan náà, 76 ì bá tọ̀nà ká ní ńṣe ni wọ́n forí gbárí. Nígbà tí kò ti sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, àárín 76 àti 724 ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ bọ́ sí, kódà kó o tó ṣe ìṣirò kankan.

Àmì ìyọkúrò tó wà lára B ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó yí ọfà sí ọ̀dọ̀ B. Má tún gbé e wọnú ìṣirò lẹ́ẹ̀kejì. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí fún àwọn tí mò ń kọ́ ju ohunkóhun lọ, torí pé ibẹ̀ ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n Onímáàtì

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ti là á mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá a parí ìṣirò rẹ̀. Àbúrò, o ò tiẹ̀ nílò láti wá igun. Láti P dé B, o rìn 0.40 sọ́tùn-ún, o sọ̀kalẹ̀ 0.30, gbogbo ọ̀nà náà sì jẹ́ 0.50. Bí o ṣe máa pín 324 náà nìyẹn:

apá ọ̀tún: 324 × 0.40/0.50 = 259.2
apá ìsàlẹ̀: 324 × 0.30/0.50 = 194.4

A kò ní apá ọ̀tún rárá, òkè ni gbogbo 400 rẹ̀ lọ. Nítorí náà Ex = 259.2, Ey = 400 − 194.4 = 205.6. Fi Pythagoras parí rẹ̀: √(259.2² + 205.6²) ≈ 331 N/C.

Ṣó o rí i pé ìyọkúrò tó ò ń wá wà níbẹ̀? Àmọ́ 194.4 la yọ, apá tó ń bá A du òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan. Tó o bá sì kọ 331 láìsọ ibi tó kọjú sí, ìdáhùn kò tíì pé. Kọ ọ́ pé ọ̀tún ló kọjú sí, ó sì fi nǹkan bí 38° gbé sókè.

Ọmọ Láàbù

Ẹ foríjì mí, Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ fi kinní kan kún un. Àwọn kan ń kọ fọ́múlà náà lọ́nà fẹ́kítọ̀ (ìyẹn ọfà tó ní ìwọ̀n àti ibi tó kọjú sí), kq lórí r³ (k ni 9×10⁹, q ni ṣáàjì, r ni bó ṣe jìnnà sí P), kí wọ́n tó fi ọfà tó ti ọ̀dọ̀ ṣáàjì wá sí P sọ ọ́ di púpọ̀. Ní ti èyí, àmì ìyọkúrò gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò, torí òun gan-an ló máa yí ọfà padà.

Ìyá Ìbejì

Òótọ́ ni, o ṣeun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ló ṣì ṣiṣẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan, kó má da méjèèjì pọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìíní

Ẹ ṣeun gan-an mà, ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ó ti wọlé. Àmọ́ kò sí ṣáàjì kankan ní P. Kí ló wá ń gba 331 yẹn?

Ọmọ Láàbù

Kò sí ohun tó ń gbà á. Ipá tí Coulomb wọ̀n láàárín ṣáàjì méjì lọ́dún 1785 nílò ẹni méjì. Pápá kò nílò ẹnìkejì: A àti B ló dá a sílẹ̀, ó sì wà ní P yálà nǹkan wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ìgbà tó o bá gbé ṣáàjì síbẹ̀ ni ipá máa dé. Gbé +2 nC síbẹ̀, ipá jẹ́ 2×10⁻⁹ × 331, ìyẹn nǹkan bí 6.6×10⁻⁷ N, lọ́nà tí pápá kọjú sí. Gbé −2 nC síbẹ̀, ipá náà kò dín kò lé, ṣùgbọ́n òdìkejì ló máa lọ. Níwọ̀n ìgbà tí A àti B kò bá ti ṣípò, pápá tiwọn ní P kò yí padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìíní

Ó yé mi wàyí. Èyí tó kù: wọ́n ní ká wá ibi tí pápá ti jẹ́ òdo lórí ìlà tó gba A àti B kọjá. Ìdáhùn méjì ni mo ń rí, 0.80 m lápá òsì A àti 0.16 m lápá ọ̀tún rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Onímáàtì

Tún ya ọfà. Lápá òsì A, A ń tì sósì, B ń fà sọ́tùn-ún, wọ́n lè pa ara wọn rẹ́. 9×10⁹ × 4×10⁻⁹ jẹ́ 36, ti B sì jẹ́ 81. Ní 0.80 m, 36/0.80² jẹ́ 56.25, 81/1.20² náà jẹ́ 56.25. Ó parí. Lápá ọ̀tún B, wọ́n dojú kọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n B tóbi ju A lọ, ó tún sún mọ́ ibẹ̀ jù ú lọ, A kò lè bá a láéláé.

Ní 0.16 m, o ti bọ́ sáàárín wọn. Ìwọ̀n wọn dọ́gba níbẹ̀, nǹkan bí 1406 N/C lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ìṣirò fi gbé e jáde. Àmọ́ A ń tì sọ́tùn-ún, B náà ń fà sọ́tùn-ún. Pápá ibẹ̀ lé ní 2800 N/C, kì í ṣe òdo. Fagi lé e.